Orí Kẹsàn-án: Bí A Ṣe Ń Tọpa Àìsàn Sípídómítà Oníwáyà Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọkọ̀ àtijọ́ kò tíì tán lójú ọ̀nà wa. Ẹni tó bá dúró létí títì ní Jóbẹ̀lẹ̀, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, yóò ṣì rí Volkswagen ìjàpá àti Peugeot 504 tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà Fìdítì, tí wọ́n forí lé Ìlọrà àti Ọ̀yọ́. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn méjèèjì yìí pọ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, ìjàpá ní Èkó, 504 ní Kàdúná. Púpọ̀ nínú èyí tó ṣì ń rìn lónìí ju ọmọ iṣẹ́ tó ń tún un ṣe lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máa dún kíkankíkan, kí bíréèkì rẹ̀ máa mú, síbẹ̀ kí ọwọ́ sípídómítà rẹ̀ ti sùn sórí òdo láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ka ìyẹn sí àìsàn. Wọ́n á ní etí àwọn ti mọ ìró ọkọ̀ àwọn.

Etí kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìró ẹ́ńjìnnì máa ń yí padà bí jíà bá yí, bí ẹrù bá wúwo, bí wọ́n bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọlé. Òfin ìrìnnà wa ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni má ṣe kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan láàrin ìlú, 80 lójú ọ̀nà tó so ìlú mọ́ ìlú, àti 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Kò sí awakọ̀ tí etí rẹ̀ lè sọ fún un, níwájú ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ti ń tú jáde, bóyá 50 ló ń sá tàbí 65. Nítorí náà ni a ṣe ka sípídómítà tó kú sí àìsàn tí a gbọ́dọ̀ wò kí ọkọ̀ tó kúrò lágbàlá mẹkáníìkì. Èyí tó ń parọ́ tún burú ju èyí tó kú lọ, torí awakọ̀ mọ̀ pé òkú kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń gba irọ́ gbọ́.

Ọ̀nà tí ìyípo ń gbà dé ojú awakọ̀

Sípídómítà tí à ń sọ níhìn-ín kò lo bátìrì. Gílóòbù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lálẹ́ nìkan ló ń lo iná. Àṣìṣe ló jẹ́, nígbà náà, láti kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ríwáyà nígbà tí ọwọ́ sípídómítà kò bá gbéra mọ́. Irin ló ń yí irin láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni.

Ìsàlẹ̀ ni ìyípo ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ kò sì rí bákan náà nínú gbogbo ọkọ̀. Nínú Morris Minor, nínú 504 àti nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, inú gíábọ́ọ̀sì ni. Jíà kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pá tó ń jáde lọ sẹ́yìn ń yí, òun náà sì ń yí wáyà. Ti ìjàpá yàtọ̀ pátápátá. Táyà iwájú lápá òsì ló ń yí wáyà tirẹ̀. Ọ̀pá tí táyà yẹn ń yí lé lórí ní ihò nínú, wáyà sì gba inú ihò náà yọ sí àárín ìdérí gírísì tó bo ẹnu họ́ọ̀bù. Orí wáyà ní igun mẹ́rin. Ihò àárín ìdérí náà ní igun mẹ́rin. Pín tín-ín-rín kan ló dè é lẹ́yìn kó má baà fà wọlé padà. Táyà ń yí ìdérí, ìdérí ń yí wáyà, ìyípo kan fún ìyípo kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ èyí lè lo odindi ọjọ́ kan lábẹ́ ìjàpá, kó máa wá wáyà ní ìdí gíábọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Wáyà fúnra rẹ̀ jẹ́ méjì: ti inú àti ti òde. Ti òde kì í yí, ilé ni. Ti inú wà nínú rẹ̀ bí okùn ṣe ń wà nínú ojú ìgbá ṣòkòtò, ó ń yí láìdúró níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, ìpele lórí ìpele, kí wáyà inú yìí baà lè tẹ̀ kọ́rọ́ síbẹ̀ kó máa gbé ìyípo lọ.

Òkè ni orí sípídómítà wà, nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀gbẹ́ni Otto Schulze, ará Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1902, ọgbọ́n tó dá nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ káàkiri ayé ń lò títí tí sípídómítà alátagbà-iná fi dé. Wáyà ń yí irin òòfà kékeré kan. Ife alumíníọ̀mù wà létí òòfà yìí, wọn kò sì fara kan ara wọn rárá. Òòfà kì í fa alumíníọ̀mù, ẹ lè fi ìkòkò ìdáná dán an wò nílé. Ṣùgbọ́n bí òòfà bá ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agbára rẹ̀ ń jí iná mànàmáná kéékèèké nínú ara ife náà, iná yìí sì ní agbára òòfà tirẹ̀ tó ń mú kí ife fẹ́ bá òòfà yí lọ. Sípíríǹgì wínníwínní kan ń dá ife náà dúró. Bí òòfà bá ṣe yára tó ni ife ṣe ń fà tó, ibi tí ìfà àti sípíríǹgì bá ti bára dọ́gba ni ife yóò dúró sí. Ọwọ́ sípídómítà wà lórí ọ̀pá ife yìí, òun ni awakọ̀ ń wò.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa orí yìí, torí gbogbo àyẹ̀wò wa dúró lé e. Wáyà kan náà ló ń yí òòfà, tó sì ń yí àwọn jíà ònkà ìrìn, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń ka iye kìlómítà tàbí máìlì tí ọkọ̀ ti rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì pínyà lẹ́yìn tí wáyà bá ti wọlé. Ònkà ìrìn fi eyín jíà di wáyà mú. Ọwọ́ sípídómítà kò fi nǹkan kan dì í mú.

Ohun tí ònkà ìrìn ń sọ

Kí o tó mú súpánà, wakọ̀ náà lọ síwájú díẹ̀ kí o sì wo ònkà ìrìn.

Bí ọwọ́ bá kú, tí ònkà náà kò sì yí, ìyípo kò dé orí sípídómítà rárá. Àìsàn wà nísàlẹ̀ tàbí nínú wáyà. Má fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù ju ibi tí wàá ti yọ ẹnu wáyà lọ.

Bí ọwọ́ bá kú ṣùgbọ́n tí ònkà ń ka ìrìn bó ti yẹ, wáyà yá gágá. Inú orí ni àìsàn wà: ife ti há, tàbí ọwọ́ ti tú lórí ọ̀pá rẹ̀. Ẹni tó bá ra wáyà tuntun fún ọkọ̀ yìí ti sọ owó oníbàárà nù.

Bó bá jẹ́ òdìkejì, tí ọwọ́ ń lọ sókè sódò dáadáa àmọ́ tí ònkà dúró sójú kan, eyín jíà ònkà ló ti jẹ tàbí tó ti ṣẹ́. Ọkọ̀ náà ṣeé wà láìséwu, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ ọ́ìlì. Kọ nọ́ńbà tí ònkà dúró sí sínú ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí o tún un ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á lọ́la, ìwé yẹn ni yóò jẹ́ kí olùrà mọ òtítọ́ ìrìn rẹ̀.

Nígbà tí ìyípo kò bá dé òkè

Yọ ẹnu wáyà lẹ́yìn orí sípídómítà. Nọ́ọ̀tì yípo kan ló sábà máa ń dè é, ọwọ́ lásán sì lè tú u. Bó bá le, fi páláyà mú un pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú àkísà láàrin. Lẹ́yìn èyí, jẹ́ kí ẹnì kan máa ti ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìwọ ń wo ẹnu wáyà inú. Bó bá ń yí, ìyípo ti dé òkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí igun mẹ́rin rẹ̀ ti jẹ tàbí pé kò wọnú ihò rẹ̀ délẹ̀. Bí kò bá yí, fà á. Bí apá kan nìkan bá jáde wá sọ́wọ́ rẹ, ó ti já. Bó bá jáde lódindi, sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí ìyípo.

Àwọn kan fẹ́ràn láti gbé ọkọ̀ sórí jáàkì dípò títì í. Èyí dára fún ìjàpá, torí táyà iwájú kan ṣoṣo ni a nílò, a sì lè fi ọwọ́ yí i. Fún ọkọ̀ tí wáyà rẹ̀ ti gíábọ́ọ̀sì wá, tó sì jẹ́ táyà ẹ̀yìn ló ń gbé e lọ, ẹ ṣọ́ra. Bí a bá gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, tí èkejì wà nílẹ̀, jíà ìdí-ẹ̀yìn yóò jẹ́ kí ọ̀pá tó ti gíábọ́ọ̀sì wá yí ní ìdajì ohun tó yẹ kó yí. Ẹni tó bá ka ìyípo wáyà báyìí, tí kò rántí ìdajì yìí, yóò rò pé jíà ni kò bá ọkọ̀ mu. Ẹ má sì ṣe tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ fi jíà sí i nígbà tí táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo wà lókè. Èyí tó wà nílẹ̀ lè gbé ọkọ̀ fò kúrò lórí jáàkì. Fi òkúta tàbí igi dí táyà tó wà nílẹ̀, kí o sì fi ìtìlẹ̀ irin sábẹ́ ọkọ̀. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan láti ìdí táyà ìjàpá. Bàbá àgbàlagbà kan gbé ọkọ̀ wá, ó ní, “Ọ̀gá mẹkáníìkì, mo ti pààrọ̀ wáyà yìí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ ò gbéra síbẹ̀.” Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Yóò bi í pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ ṣe béárìn táyà iwájú kẹ́yìn?” Torí pé ẹni tó bá ṣe béárìn apá òsì gbọ́dọ̀ ti yọ pín orí wáyà kó tó lè ṣí ìdérí. Bí kò bá dá pín náà padà, wáyà yóò máa fà wọlé díẹ̀díẹ̀ títí igun mẹ́rin rẹ̀ yóò fi kúrò nínú ihò. Bó bá tún ń kan etí ihò lóòrèkóòrè, igun ihò yóò jẹ, yóò di róbótó, wáyà tuntun mẹ́wàá kò sì ní lè dì í mú. Ìdérí yìí ni a ń pààrọ̀. Àwọn mìíràn ti fi ìdérí apá ọ̀tún, tí kò ní ihò láàrin, bo apá òsì. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ pé ìdérí náà tú nínú họ́ọ̀bù, tí táyà ń yí tí òun dúró. Di ìdérí náà mú pẹ̀lú ìka méjì kí ẹnì kan yí táyà: bó bá lè dúró sí ọ ní ìka, ó ti tú. Fi igi kékeré kàn án wọlé yíká etí rẹ̀, má fi hámà gbá àárín rẹ̀.

Nínú àwọn ọkọ̀ onígíábọ́ọ̀sì, ohun tó sábà ń bàjẹ́ nísàlẹ̀ ni jíà kékeré náà àti síìlì ọ́ìlì rẹ̀. Jíà tí eyín rẹ̀ ti jẹ máa ń hàn lójú bí a bá yọ ọ́. Síìlì tó ti kú burú ju bí ó ti rí lójú lọ, torí ìyípo wáyà máa ń fa ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì gòkè nínú ilé wáyà títí yóò fi dé orí sípídómítà. Bí o bá rí ọ́ìlì ní ẹnu wáyà lókè, má kàn nù ún kúrò. Lọ pààrọ̀ síìlì náà.

Wáyà tó já àti wáyà tó ń ráhùn

Wáyà ló ń bàjẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀nà yìí, òun ni mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ kọ́ jù. Ìwà tí a ti mọ́ ara wa lára ni pé kí a yọ èyí tó já, kí a ti tuntun bọ̀ ọ́, kí a gba owó. Ọ̀pọ̀ wáyà tuntun ló ń tún já láìpẹ́ ọjọ́ nítorí pé a kò wádìí ohun tó já ti àkọ́kọ́.

Mú ibi tó já wá síbi ìmọ́lẹ̀. Bó bá já nítòsí òkè, tí ojú ibẹ̀ sì lọ́ bí ẹni pé wọ́n fi agbára fọ́n ọn, fura sí orí sípídómítà. Ó ṣeé ṣe kí béárìn òòfà ti gbẹ kó sì há, tí ìsàlẹ̀ ń yí, tí òkè kọ̀. Mú irin tí orí rẹ̀ ní igun mẹ́rin kan náà, tàbí orí wáyà tó já gan-an, fi sínú ihò ẹ̀yìn sípídómítà, kí o sì fi ìka yí i. Ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó bá le tàbí tó ń dún, wàá tún orí yẹn ṣe kí wáyà tuntun tó wọlé. Bó bá já láàrin tàbí nísàlẹ̀, tí ibẹ̀ sì ti dípẹtà, omi ló wọlé. Wo rọ́bà tó bo ẹnu ilé wáyà lẹ́yìn họ́ọ̀bù ìjàpá, àti èyí tó wà níbi tí wáyà ti gba ara irin ọkọ̀ kọjá.

Wáyà tí kò já ṣùgbọ́n tí kò gbádùn máa ń fi ara hàn lọ́nà méjì. Ó lè máa dún, ìró tó ń han bí ọkọ̀ bá ti ń yára. Ó sì lè mú kí ọwọ́ sípídómítà máa fò, kó lọ sí 30, kó padà sí 20, kó fò sí 40, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra rìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: wáyà inú ń há níbì kan, ìsàlẹ̀ ń yí lọ, wáyà ń lọ́ mọ́ra, títí tí agbára yóò fi tó, yóò sì fò yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ sípídómítà kàn ń sọ òtítọ́ ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Fa wáyà inú jáde, fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí o sì nù ún pẹ̀lú àkísà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Àkísà ni kí o lò. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ti ṣẹ́ lára rẹ̀, yóò gún ọ lọ́wọ́, ibi tí àkísà bá sì ti kọ́ ni o ti mọ̀ pé wáyà yẹn ti parí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó tẹ́jú kí o sì yí i pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó gún régé yóò yí jẹ́jẹ́. Èyí tó ti tẹ̀ níbì kan yóò máa ta pàrà sókè níbẹ̀. Di ìpẹ̀kun méjèèjì mú ní ọwọ́ méjì kí àárín rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kí o wá fi ìka yí ìpẹ̀kun kan. Èkejì gbọ́dọ̀ bá a yí láìfò. Wáyà tó bá kùnà nínú èyíkéyìí nínú ìdánwò wọ̀nyí kò ṣeé tún nà.

Bó bá yege, fi gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, láti ìsàlẹ̀ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀, kí o sì fi òkè sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ìyípo yóò fúnra rẹ̀ gbé ìwọ̀nba tó nílò gòkè. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rọ gírísì kún ilé wáyà láti òkè bí ẹni pé púpọ̀ rẹ̀ ló dára. Gírísì yẹn yóò wọ orí sípídómítà, yóò lẹ̀ mọ́ àárín òòfà àti ife alumíníọ̀mù, nígbà náà ni wọ́n á fara kan ara wọn. Ọwọ́ sípídómítà yóò gbà á lọ sí ìpẹ̀kun ojú rẹ̀, kò sì ní padà sí òdo bí ọkọ̀ bá dúró.

Ọ̀nà tí wáyà gbà kọjá ṣe pàtàkì bí wáyà fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ní igun. Kò gbọdọ̀ súnmọ́ páìpù èéfín. Gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu: èyí tó gùn jù yóò máa ti òòfà lẹ́yìn, èyí tó kúrú kò ní wọ ihò rẹ̀ délẹ̀. Ìtàn orílẹ̀-èdè wa náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì títì, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Àwọn ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣáájú ìgbà náà ní sítíárìn lápá ọ̀tún. Bí o bá rí Morris tàbí Austin tí wọ́n ti gbé sítíárìn àti ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bọ́ sí apá òsì, kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà wáyà rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá lo wáyà tí wọ́n ṣe fún apá kejì, yóò nà jù níbì kan tàbí kí ó ká kọ́rọ́ níbòmíràn, ọwọ́ sípídómítà kò sì ní yé fò títí tí wọn yóò fi fún un ní wáyà tí gígùn rẹ̀ bá a mu.

Nígbà tí ọwọ́ bá ń lọ síbi tí kò yẹ

Ṣáájú ohun gbogbo, wo ohun tí wọ́n kọ sójú sípídómítà. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń ka máìlì. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6 àti díẹ̀. Awakọ̀ tó bá jẹ́ kí ọwọ́ Morris Minor dé 50 láàrin ìlú Jóbẹ̀lẹ̀, tó rò pé òun pa òfin mọ́, 80 kìlómítà ní wákàtí kan ló ń sá. Nǹkan bíi 31 ló yẹ kó wà. Mo máa ń gba àwọn tó ni irú ọkọ̀ yìí níyànjú pé kí wọ́n fi ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ sàmì sí 31 àti 50 lórí gíláàsì rẹ̀.

Fún èyí tó bá ń parọ́ ní tòótọ́, dán ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà tó nà tààrà. Kí awakọ̀ mú ọwọ́ dúró sójú kan, kí ẹlòmíràn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wo aago láti òpó kìlómítà kan dé èkejì. Pín 3,600 pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà, wàá rí ìsáré gidi: ìṣẹ́jú-àáyá 72 jẹ́ 50 kìlómítà ní wákàtí kan, 60 jẹ́ 60, 45 jẹ́ 80. Bí kò bá sí òpó, fóònù tó ń gba àmì láti ojú sánmà lè ṣe é, bí o bá fún un ní àkókò díẹ̀ lórí ìsáré kan náà kó tó fìdí múlẹ̀. Dán an wò ní ìsáré mẹ́ta, má ṣe ẹyọ kan.

Ìdí tí a fi nílò mẹ́ta ni pé irú irọ́ tó ń pa ló ń tú àṣírí àìsàn. Bó bá ń fi 10 lé e níbi gbogbo, tó ń sọ 50 dípò 40, 70 dípò 60, 90 dípò 80, ọwọ́ ti yí kúrò níbi tó yẹ lórí ọ̀pá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá ń tóbi bí ìsáré ti ń pọ̀, tó ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, 44 fún 40, 88 fún 80, ohun kan ti yí ìṣirò padà. Táyà ni kí o kọ́kọ́ wò.

Yíká táyà ìjàpá tó bá a mu jẹ́ nǹkan bíi mítà méjì. Ìyẹn ni pé wáyà rẹ̀ ń yí ní ìgbà 500 fún kìlómítà kan, iye tí wọ́n sì ṣe orí sípídómítà rẹ̀ fún nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wá fi táyà tó kéré sí i, tí yíká rẹ̀ jẹ́ mítà 1.8, lápá òsì níwájú, ìyípo 500 kò ní gbé ọkọ̀ ju mítà 900 lọ. Ọwọ́ yóò sọ 60, ọkọ̀ yóò máa sá 54. Táyà tó tóbi jù ló léwu, torí yóò mú kí ọwọ́ sọ ohun tó kéré sí òtítọ́.

Bí táyà bá tọ́, wá mọ̀ bóyá orí sípídómítà bá ọkọ̀ mu. Ní ojú ọ̀pọ̀ sípídómítà Smiths ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ nọ́ńbà kékeré kan sísàlẹ̀, bíi 1000 tàbí 1280: iye ìgbà tí wáyà gbọ́dọ̀ yí fún máìlì kan. Lójú sípídómítà VDO ti Jámánì, lẹ́tà W ni wọ́n ń kọ, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ iye ìyípo fún mítà kan. Láti mọ ohun tí ọkọ̀ ń fún wáyà, yọ ẹnu rẹ̀ lókè, lẹ bébà kékeré mọ́ ọn bí àsíá, kí wọ́n ti ọkọ̀ fún mítà 20 gééré, kí o máa ka ìyípo bébà náà. Sọ ọ́ di ìlọ́po 50, o ti ní iye ìyípo fún kìlómítà kan. Fún máìlì, sọ èyí náà di ìlọ́po 1.609. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra, ẹnì kan ti fi orí sípídómítà ọkọ̀ mìíràn síbẹ̀, tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá bára mu tí irọ́ sì ń bá a lọ, òòfà ló ti rẹ̀, èyí tí yóò mú kí ọwọ́ sọ ohun tó kéré, tàbí kí sípíríǹgì ti dẹ̀, tí yóò mú kó sọ ohun tó pọ̀.

Nínú orí sípídómítà

Dírílì tí a lè dín ìsáré rẹ̀ kù ni a fi ń dán orí wò lórí tábìlì. Kọ́kọ́ mọ apá tí wáyà ń yí sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, torí bí dírílì bá yí i sẹ́yìn, ọwọ́ yóò máa ti ara rẹ̀ mọ́ òdo, jíà ònkà sì lè ṣẹ́. Orí tí wọ́n kọ 1000 sí gbọ́dọ̀ sọ 60 máìlì bí dírílì bá ń yí ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, torí máìlì kan ní ìṣẹ́jú kan ni ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ṣe ju kó sọ ẹ̀kán ọ́ìlì tín-ín-rín kan sí béárìn ẹ̀yìn orí, kó sì nu gírísì tó bá wọlé. Sípíríǹgì tó ń dá ife dúró kò ju irun orí lọ ní sísanra. Má gbá òòfà, má fi iná yọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má sì gbé e sítòsí òòfà ńlá bíi ti ẹ̀yìn sípíkà, torí gbogbo wọn ló ń mú agbára rẹ̀ rẹ̀yìn. Bí iṣẹ́ orí náà bá ju èyí lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún aago àti ojú mítà ọkọ̀ ṣe ni kí o gbé e lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní àdúgbò rẹ, bẹ̀ ẹ́ kí ó fi wáyà sípídómítà tó já hàn ọ́. Ya àwòrán ibi tó já, kí o sì kọ ohun tí o rò pé ó já a àti ibi tí o máa yẹ̀ wò kí o tó fi tuntun síbẹ̀.

2. Peugeot 504 kan ń rìn láti Fìdítì sí Jóbẹ̀lẹ̀. Ònkà ìrìn rẹ̀ ń yí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti lọ sí ìpẹ̀kun, kò padà bí ọkọ̀ ṣe dúró. Ọ́ìlì wà ní ẹnu wáyà lókè. Sọ ohun méjì tó yẹ ní títúnṣe àti èyí tó yẹ kó ṣáájú, pẹ̀lú ìdí.

3. Wọ́n ti Morris kan fún mítà 20, wáyà rẹ̀ yí ní ìgbà 15 àti ààbọ̀. Wọ́n kọ 1000 sí ojú sípídómítà rẹ̀. Bí ọwọ́ bá wà lórí 50 máìlì, kí ni ìsáré ọkọ̀ náà gan-an ní máìlì, kí sì ni ní kìlómítà?